Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ṣe fídíò Èkó, ta lẹ̀ ń fi hàn wá?

Ọ̀rọ̀ yìí máa gùn díẹ̀, inú sì ń bí mi. Ẹ fara balẹ̀ kà á.

Ẹ ṣí fóònù yín báyìí, kò ní pẹ́ tí fídíò “ibi mẹ́wàá tó yẹ kẹ́ ẹ lọ l'Ékòó” á fi jáde. Etíkun mẹ́fà, ilé oúnjẹ mẹ́ta, àti ọkọ̀ ojú omi kan tí wọ́n ń jó nínú ẹ̀. Ó parí. Wọ́n ní Èkó nìyẹn.

Mi ò sọ pé kẹ́ ẹ má jó létí òkun o. Ọmọ Ìbà ni mí (Ìbà ti Ọ̀ṣun, lẹ́bàá Ìkirun, kì í ṣe Ìbà tó wà lọ́nà LASU). A ò ní òkun, a ò ní ọ̀sà. Fídíò yín ni àwọn àbúrò mi nílé fi mọ Èkó. Ìdí tí mo fi ń bá yín jà nìyẹn.

Ẹ rántí 2024, nígbà tí wọ́n wó lára Landmark Beach nítorí ọ̀nà 700 kìlómítà tí ìjọba àpapọ̀ ń là létí òkun láti Èkó dé Calabar. Gbogbo orí íntánẹ́ẹ̀tì gbóná. Kálukú ń gbé fọ́tò síta: ibí ni mo ti ṣe ọjọ́ ìbí, ibí ni wọ́n ti ní kí n fẹ́ àwọn. Ẹkún náà tọ́, torí àwọn tó ń tajà níbẹ̀ pàdánù iṣẹ́ wọn lóòótọ́.

Ó dáa. Ta ló sunkún Tarkwa Bay?

Ní January 2020, àwọn ọmọ ogun ojú omi wọ erékùṣù yẹn, wọ́n ní àwọn kan ń jí epo nínú páìpù, wọ́n sì lé àwọn ará ibẹ̀ jáde. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn. Ìyá, ọmọ, arúgbó, tàwọn ti ẹrù lórí. Kí oṣù tó yí po, a ti gbàgbé. Lónìí, etíkun yẹn kan náà lẹ̀ ń pè ní “ibi tẹ́nikẹ́ni ò tíì mọ̀”. Ẹnikẹ́ni ò mọ̀ kẹ̀? Àwọn tí wọ́n bí síbẹ̀ ńkọ́?

Ẹ tiẹ̀ bi ara yín: kí ló wà ní agbègbè Oniru kó tó di ibi ìgbafẹ́? Máròkó ni. Ìjọba ológun Raji Rasaki wó o ní July 1990, iye èèyàn tí wọ́n sábà máa ń dárúkọ sì jẹ́ 300,000. Òtòdó Gbàmẹ̀ náà wà níbẹ̀, ìlú àwọn Ẹ̀gún apẹja létí ọ̀sà, lápá Lẹ́kkí. Láàárín November 2016 sí April 2017 ni wọ́n wó o tán, bẹ́ẹ̀ ilé ẹjọ́ ti ní kí wọ́n má fọwọ́ kàn án. Ohun tá a bá ti rí lórí fóònù nìkan là ń sunkún ẹ̀. Ẹ̀yin lẹ sì ń yan ohun tá a máa rí.

Mo ti ń gbọ́ èsì yín: “Àmọ́ gbogbo èèyàn ló ń ya Mákòkó!” Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀ ń yà á. Orin ìbànújẹ́, ọmọ tí ò wọ ẹ̀wù, oyinbo tó ń pín bisikíìtì. Ìṣẹ́ lẹ̀ ń tà. Ẹ ò ya ẹja tí wọ́n ń yan, tó ń dé inú ọbẹ̀ yín. Ẹ ò ya àwọn tó ń kan ọkọ̀. Ìdọ̀tí lẹ kọ́ wa láti máa rí níbẹ̀, ẹni tó bá sì ń wó ìdọ̀tí, ìmọ́tótó ló ń ṣe lójú aráyé. Ní July 2012, wọ́n kúkú wó nínú ẹ̀.

Ti inú Èkó gan-an ńkọ́? Mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey wà ní Martins Street láti 1894. Wọ́n bí Mohammed Shitta ní Sierra Leone, Sàró ni. João Baptista da Costa tó mọ ọ́n, Àgùdà ni. Ọba Túrkì ló fún Shitta ní oyè “Bey”. Ilé kan ṣoṣo o! Èyí tẹ́ ẹ̀ ń wá kiri tẹ́ ẹ̀ ń pè ní “Èkó onírúurú èèyàn”, ó dúró síbẹ̀, ọ̀fẹ́ sì ni láti wò ó láti ojú títì.

Ìlọ́jọ̀ Bar ò dúró mọ́. 1855 ni ìdílé Fernandez kọ́ ọ ní Tinúubú. Ìjọba kéde ẹ̀ ní ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ní 1956. Ní September 11, 2016, ọjọ́ Sunday, wọ́n wó o palẹ̀. Ẹ wá fídíò ẹ̀ kẹ́ ẹ wò ó, bóyá ẹ máa rí tó márùn-ún.

Ẹ tún máa sọ pé “àwa kì í ṣe oníròyìn, ìgbádùn la ń ṣe”. Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tí ilé iṣẹ́ ń sanwó fún kó lè fa èrò lọ síbì kan ti mọ̀ pé ẹnu òun ń ṣiṣẹ́. Kò lè di odi lọ́jọ́ tí wọ́n bá bi í pé ilé ta ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Nítorí náà, tẹ́ ẹ bá ń lọ Tarkwa Bay ní Sátidé, ẹ lọ, ẹ wẹ̀, ẹ jẹ ẹja. Àmọ́ ẹ kọ January 2020 sábẹ́ fídíò yẹn. Tẹ́ ẹ bá wà l'Erékùṣù, ẹ ya Tinúubú, kẹ́ ẹ fi fóònù yín sí ibi tí Ìlọ́jọ̀ wà rí. Ìṣẹ́jú kan péré. Tẹ́ ẹ bá ti ṣe é, ẹ fi orúkọ mi sí i, màá pín in.