Ẹ Jẹ́ Ká Kọ Orúkọ Àwọn Atukọ̀ Wa sí Marina

Ọdọọdún, ní ọjọ́ 15 oṣù Kìíní, ìjọba máa ń gbé òdòdó síbi ìrántí àwọn akọni ológun, wọ́n á yìnbọn, wọ́n á tú ẹyẹlé sílẹ̀. Ó yẹ bẹ́ẹ̀, nítorí ọjọ́ náà ni ogun abẹ́lé wa parí lọ́dún 1970. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà tí n kì í gbọ́ kí wọ́n dárúkọ wọn: àwọn atukọ̀ tí ogun Hitler gbé lọ sísàlẹ̀ òkun. Mo fẹ́ kí ìjọba Èkó àti ilé iṣẹ́ ológun ojú omi kọ orúkọ wọn sára ògiri ní Marina.

Bàbá mi wọ ọkọ̀ Elder Dempster, ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òkun Gẹ̀ẹ́sì, nígbà ogun náà. Ìdí ẹ́ńjìnnì ló ti ṣiṣẹ́. Ìwé atukọ̀ rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi dòní. Lórí ìlà kọ̀ọ̀kan, wàá rí orúkọ ọkọ̀, èbúté tó ti wọ̀ ọ́, èbúté tó ti sọ̀ kalẹ̀, àti òǹtẹ̀ tó ń jẹ́rìí pé iṣẹ́ rẹ̀ dára, ìwà rẹ̀ sì dára. Ẹni tó bá kàn ṣí i ò lè mọ̀ pé ogun ń lọ lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n lu òǹtẹ̀ wọ̀nyẹn.

Ogun sì ń lọ. Accra, Apapa, Adda, Abosso: orúkọ ìlú Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà níhìn-ín ni àwọn ọkọ̀ náà ń jẹ́. Ọkọ̀ abẹ́ omi Jámánì ri Accra lóṣù Keje ọdún 1940. Bọ́ǹbù láti ojú òfurufú ló ri Apapa lóṣù Kọkànlá ọdún yẹn kan náà. Adda rì sí ìwọ̀-oòrùn Freetown lóṣù Kẹfà ọdún 1941. Ti Abosso ló burú jù. Ó ń dá lọ láti Cape Town sí Liverpool, kò sí ọkọ̀ ogun tó ń ṣọ́ ọ, nígbà tí tọ́pídò bà á ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹwàá ọdún 1942. Èèyàn 362 ló bá a lọ. 31 péré ló yè.

Àwọn àgbà ní òkun kì í hó ruru ká wà á ruru. Àwọn wọ̀nyí wà á. Owó tí wọ́n ń san fún aláwọ̀ dúdú kò tó ti òyìnbó tí wọ́n jọ wà nínú ọkọ̀, àwọn atukọ̀ sì daṣẹ́ sílẹ̀ nítorí rẹ̀ nígbà ogun náà. Síbẹ̀, wọ́n tún padà sójú omi.

Nílẹ̀ Yorùbá, bí èèyàn bá kú sídàálẹ̀, wọ́n á gé irun orí rẹ̀ àti èékánná rẹ̀ wá sin sílé. Kí ni wọ́n fẹ́ gé lára ẹni tó wà nísàlẹ̀ òkun? Orí ibùsùn ni bàbá mi kú sí, a sì mọ ibi tí a sin ín sí. Àwọn ọ̀rẹ́ tó máa ń dárúkọ fún wa, ọmọ wọn ò rí sàréè kankan tọ́jú. Orúkọ nìkan ló kù.

Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti ṣe tiwọn. Ní Tower Hill, London, wọ́n to orúkọ atukọ̀ bí 24,000 tí kò ní sàréè lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, oníkálukú lábẹ́ orúkọ ọkọ̀ rẹ̀. Ọdún 1955 ni wọ́n ṣí i. Ṣé ó wá yẹ kí ọmọ Èkó wọ bàlúù lọ sí London kó tó lè fọwọ́ kan orúkọ bàbá bàbá rẹ̀?

Ẹlòmíràn á ní iṣẹ́ òyìnbó ni wọ́n ń ṣe. Àwọn sójà wa tó lọ sí Burma ńkọ́? Ọba Gẹ̀ẹ́sì làwọn náà jà fún, a sì ń bọlá fún wọn. Ilé iṣẹ́ ológun ojú omi wa fúnra rẹ̀, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1956, ara iṣẹ́ ọkọ̀ ayé òyìnbó ló ti yọ jáde. Marine, ẹ̀ka ọkọ̀ ojú omi ìjọba òyìnbó, ni Joseph Akinwale Wey ti kọ́ṣẹ́ ẹ́ńjìnnì kó tó di ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó ṣe olórí wọn lọ́dún 1964.

Ìwé bíi ti bàbá mi ṣì wà nínú àpótí ní Ìsàlẹ̀ Èkó àti Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́tà. Ẹ gbé wọn jáde. Kí ìjọba yan ẹni tí yóò gbà wọ́n, tí yóò kọ orúkọ sílẹ̀, kí wọ́n sì kà á sókè ní ọjọ́ 15 oṣù Kìíní kí ìbọn tó dún. Àwọn ọmọ atukọ̀ wọ̀nyí ti darúgbó. Àwọn ló mọ orúkọ tí bàbá wọn ń jẹ́ nílé àti èyí tí wọ́n kọ fún un nínú ọkọ̀. Ká bi wọ́n báyìí, nígbà tí wọ́n ṣì lè dáhùn.