Ẹ́ńjìnnì Tuntun Nínú Lọ́rì Àgbà: Bíréèkì Ni Kí Ẹ Kọ́kọ́ Bèèrè

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá lẹ́ẹ̀kan yìí kì í ṣe ti owó oṣù tí àwọn kan kò tíì san, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìyẹn náà ń bọ̀ lọ́nà. Ọ̀rọ̀ lọ́rì ni.

Ní ìpàdé tó kọjá, mẹ́ta nínú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa tó ní lọ́rì dìde, wọ́n ní kí àpò ẹgbẹ́ yá àwọn lówó kí àwọn lè yọ ẹ́ńjìnnì àtijọ́ kúrò nínú mọ́tò wọn, kí àwọn fi ẹ́ńjìnnì tòkunbọ̀ ti ìgbàlódé rọ́pò rẹ̀, kí lọ́rì wọn lè máa bá àwọn mọ́tò yòókù rìn lójú ọ̀nà Lọ́kọ́jà. Àwọn kan pàtẹ́wọ́, àwọn kan ń kùn, ìpàdé sì tú láìsí ìpinnu. Kí a tó tún pàdé, a fẹ́ kí olúkúlùkù mọ ibi tí àwa dúró sí. Kí ẹgbẹ́ má ṣe yá ẹnikẹ́ni lówó ẹ́ńjìnnì bí owó bíréèkì kò bá sí nínú ìṣirò rẹ̀, kí ó sì jẹ́ pé bíréèkì ni a ó kọ́kọ́ ná owó náà lé lórí.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé a kórìíra lọ́rì àgbà. Lọ́rì ló gbé púpọ̀ nínú àwọn bàbá wa àti ẹrù wọn dé Òkè Ọya, láti Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀ffà, Ìlọrin àti Ìbàdàn. Bedford wọ́pọ̀ gan-an nígbà náà. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti ń ṣe é, àwọn káfíńtà wa níhìn-ín ni wọ́n sì ń fi pákó kan ilé lé e lẹ́yìn, tí a ó wá kọ ọ̀rọ̀ ìyànjú sí iwájú orí rẹ̀. Ìjókòó inú rẹ̀ há, èrò ń fi orúnkún gbá orúnkún, ìjà kì í pẹ́ ṣẹlẹ̀, ìdí nìyí tí a fi ń pè é ní bọ́lẹ̀kájà. Bedford ti ṣọ̀wọ́n lónìí. Mercedes 911 ni a ṣì ń rí tó ń kó pákó wọ Déí-Déí, tó ń kó iyanrìn àti iṣu káàkiri. Nínú àwọn mẹ́ta tó dìde, ẹni méjì ní 911, ẹni kan ní Bedford, a kò sì lè fi ojú kan náà wo ọ̀rọ̀ wọn.

Ẹ jẹ́ kí a sọ ti 911 ná. Ẹni tó bá mọ bí àwọn ará Jámánì ṣe ń sọ lọ́rì wọ̀nyẹn lórúkọ yóò mọ̀ pé 9 dúró fún tọ́ọ̀nù 9, ìyẹn ìwúwo lọ́rì àti ẹrù rẹ̀ pọ̀, 11 sì dúró fún agbára ẹṣin bí 110. Orúkọ rẹ̀ ti sọ iṣẹ́ tí wọ́n dá a fún. Kí á wo ohun tí a ń dì lé e lórí kí á tó bẹ̀rẹ̀ sí í bú ẹ́ńjìnnì rẹ̀ pé kò lágbára! Ẹ́ńjìnnì tó wà nínú rẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní OM 352, sílíńdà 6 ló ní, títóbi rẹ̀ sì jẹ́ lítà 5.7. Kò sí wáyà kọ̀ǹpútà kankan nínú rẹ̀. Mẹkáníìkì abẹ́ igi lè tú u palẹ̀ kí ó sì tò ó padà, ẹ̀yà rẹ̀ sì wà ní Ládípọ̀ l'Ékòó àti ní Nnewi. Lójú tiwa, ẹni tí ẹ́ńjìnnì 911 rẹ̀ ti gbó, kí ó tún ẹ́ńjìnnì náà ṣe. Ẹni tó bá yọ ọ́ dànù, tó lọ ra ẹ́ńjìnnì Canter, ìgbẹ́ kékeré ló fi rọ́pò igbó ńlá, nítorí pé nínú àwọn ẹ́ńjìnnì Canter tí wọ́n wọ́pọ̀ lọ́jà, ọ̀kan bí 4D34 kò ju lítà 3.9 lọ. Ó lè sáré lórí ilẹ̀ títẹ́jú. Ṣùgbọ́n a ó padà sórí ọ̀rọ̀ yìí nígbà tí a bá dé orí òkè.

Ti Bedford yàtọ̀. Ẹ́ńjìnnì pẹtiróòlù ló wà nínú ti ọmọ ẹgbẹ́ wa yìí. Láti ọjọ́ 29 oṣù Èbìbí ọdún 2023 tí Ààrẹ ti kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, tí lítà kan tí kò tó 200 náírà sì fò kọjá 500 láàárín ọjọ́ díẹ̀ ní Àbújá níbí, ẹni tó ń fi lọ́rì pẹtiróòlù kó ẹrù lọ sí Ìlọrin, epo ló ń ṣiṣẹ́ fún. Dísẹ́ẹ̀lì náà wọ́n, a mọ̀, ṣùgbọ́n lítà rẹ̀ kan ń gbé ẹrù jìnnà ju lítà pẹtiróòlù kan lọ. Lọ́rì tuntun ńkọ́? Láti oṣù Òkúdu ọdún 2023 tí wọ́n ti tú náírà sílẹ̀, kí ẹni tó bá ní owó rẹ̀ gbé ọwọ́ sókè. Nítorí náà, a gbà pé kí ọmọ ẹgbẹ́ wa yìí fi ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì sí Bedford rẹ̀. Ìrònú rẹ̀ dára. Àmọ́ inú ohun tó dára yìí gan-an ni ewu wà, a sì fẹ́ ṣàlàyé rẹ̀ dáadáa, nítorí pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ni kò mọ̀ ọ́n, títí kan àwọn mẹkáníìkì kan.

Bíréèkì irú lọ́rì bẹ́ẹ̀ ní olùrànlọ́wọ́ kan tí ń bá ẹsẹ̀ dẹ́rẹ́bà tẹ̀ ẹ́. Ìfàmu ni olùrànlọ́wọ́ yìí ń lò. Bí ẹ́ńjìnnì pẹtiróòlù bá ń mí, ojú ihò tóóró ló ń gbà fa atẹ́gùn, bí ìgbà tí ọmọdé bá ń fa omi nínú ọ̀pá pòpórò. Ìfàmu yẹn ni wọ́n fi páìpù gbà láti ara ẹ́ńjìnnì wá sídìí bíréèkì. Ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì kì í mí bẹ́ẹ̀. Ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀ gbayawu, atẹ́gùn ń wọlé bó ṣe wù ú, kò sí ìfàmu tó ṣeé lò níbẹ̀. Ìdí nìyí tí àwọn tó ń ṣe mọ́tò dísẹ́ẹ̀lì fi máa ń fi pọ́ǹpù ìfàmu kékeré kan sí i lọ́tọ̀. Nínú ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì Japan, ẹ̀yìn alternator ni ó wà. Bí mẹkáníìkì bá gbé ẹ́ńjìnnì wọlé, tí kò so pọ́ǹpù yìí mọ́ bíréèkì, lọ́rì yóò gbéra, yóò sáré, yóò máa dún bí ọkọ̀ tuntun. Ọjọ́ tí dẹ́rẹ́bà bá fẹ́ dúró ni bíréèkì yóò le bí òkúta lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀.

Kì í ṣe àlọ́ ni a ń pa. Ọmọ ẹgbẹ́ wa kan tí a kò ní dárúkọ rẹ̀ ṣe irú iṣẹ́ yìí ní gáréèjì kan. Wọ́n gbé lọ́rì náà yípo gáréèjì lófìfo, gbogbo ènìyàn ní ó dára. Ẹrù àkọ́kọ́ tí ó kó ni iṣu àti gààrí. Bí ó ti ń sún mọ́ Gwagwalada, tí mọ́tò ti tò níwájú, ó tẹ bíréèkì, bíréèkì kò gbọ́. Ó fi ẹsẹ̀ méjèèjì dìde dúró lé e lórí. Gíà ni ó ń já sílẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan títí ó fi ya lọ forí sọ òkìtì iyanrìn àwọn tó ń kọ́lé lẹ́bàá ọ̀nà. Kò sí ẹni tó kú, ìṣu ló fọ́. Nígbà tí ó padà lọ bá mẹkáníìkì, èsì tí ó gbà ni pé, "Ẹ́ńjìnnì ni ẹ ní kí n ṣe, Alhaji, ẹ ò ní kí n ṣe bíréèkì." Ẹ̀yin ará, ẹ tún gbólóhùn yẹn kà. Òótọ́ ni mẹkáníìkì náà sọ!

Ti 911 náà ní tirẹ̀. Atẹ́gùn tí a fún pọ̀ ni ó ń ran bíréèkì rẹ̀ lọ́wọ́, kọ̀m̀pírẹ́sọ̀ tó wà lára ẹ́ńjìnnì ló sì ń fún atẹ́gùn yẹn. Ẹ yọ ẹ́ńjìnnì, ẹ ti yọ kọ̀m̀pírẹ́sọ̀ nìyẹn. Ẹ́ńjìnnì Canter tí ẹ ń gbé bọ̀ lè má ní kọ̀m̀pírẹ́sọ̀ rárá. Ìfàmu ni ọ̀kan ń fẹ́, ìfúnpọ̀ ni èkejì ń fẹ́. Ọ̀tọ̀ ni ọkọ, ọ̀tọ̀ ni aya.

Wàyí o, ká tilẹ̀ ní bíréèkì ń ṣiṣẹ́ bí ó ti ń ṣiṣẹ́ látijọ́. Ìyára ńkọ́? Lọ́rì tó ń rin kìlómítà 60 ní wákàtí ń fi nǹkan bí mítà 17 sẹ́yìn ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Èyí tó ń rin 90 ń fi mítà 25 sẹ́yìn. Kí dẹ́rẹ́bà tó gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí epo lọ sórí bíréèkì, ilẹ̀ ti lọ. Èyí tó tún burú jù ni pé bíréèkì kò ní fi ìdajì iṣẹ́ lé iṣẹ́ tó ń ṣe tẹ́lẹ̀, bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń rò. Ìlọ́po méjì àti ìdá mẹ́rin ni iṣẹ́ náà ń di. Irin ìgbà tí kìlómítà 60 jẹ́ eré ni a ó fi dá eléyìí dúró? Bẹ́ẹ̀ ìlànà ojú pópó ní ilẹ̀ wa sọ pé kí tírélà àti tánkà má ṣe kọjá 60 lójú ọ̀nà márosẹ̀. Bí tírélà tí wọ́n ṣe lánàá bá gbọ́dọ̀ rin 60, kí ni lọ́rì bàbá wa ń wá ní 90?

A ní a ó padà sórí òkè. Ẹ mọ Félélé ní Lọ́kọ́jà. Ní ọjọ́ 23 oṣù Ọwẹ́wẹ̀ ọdún 2020, tánkà epo kan bọ́ lọ́wọ́ dẹ́rẹ́bà níbẹ̀, ó kọlu àwọn mọ́tò, ó gbiná, ènìyàn tó kú lé ní 20, àwọn ọmọ iléèwé wà nínú wọn. Nítòsí wa níhìn-ín, ní oṣù Ẹrẹ́nà ọdún 2025, ọkọ̀ akẹ́rù kan já lu àwọn mọ́tò tó dúró nínú súnkẹrẹ fàkẹrẹ ní afárá Karu, iná sọ, ẹ̀mí lọ. A kò sọ pé wọ́n pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì àwọn ọkọ̀ wọ̀nyẹn. Ohun tí a ń sọ ni pé ibi tí lọ́rì tí kò lè dúró ń parí sí nìyẹn. Àwọn dẹ́rẹ́bà àgbà mọ̀ pé bí a bá ń sọ̀kalẹ̀ lórí òkè, bíréèkì nìkan kọ́ ló ń di lọ́rì mú. Ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ ń fà á sẹ́yìn bí a bá wọ gíà kékeré. Ẹ́ńjìnnì lítà 5.7 lè di tọ́ọ̀nù 9 mú. Ti lítà 3.9 kò ní agbára bẹ́ẹ̀, gbogbo ìyà náà á wá padà sórí bíréèkì, bíréèkì á gbóná, á sì rọ.

Sítíárín náà wà níbẹ̀. Láti ọjọ́ 2 oṣù Igbe ọdún 1972 ni Nàìjíríà ti kúrò ní apá òsì ọ̀nà bọ́ sí apá ọ̀tún. Bedford ọmọ ẹgbẹ́ wa yìí, ọwọ́ ọ̀tún ni sítíárín rẹ̀ ṣì wà. Bí ó bá fẹ́ yọ lẹ́yìn tírélà kí ó kọjá, kọ́ńdọ́ ló ń bá a yọjú. Nígbà tí kò lè sáré, kì í tilẹ̀ gbìyànjú láti kọjá ẹnikẹ́ni. Tó bá wá di ẹni tó lè sáré ńkọ́?

Àwọn kan ní ẹ́ńjìnnì tuntun pátápátá ni àwọn fẹ́, èyí tí kọ̀ǹpútà ń darí. Ẹ gbọ́. Nọ́súlù ẹ́ńjìnnì OM 352 ń ṣí bí agbára ìfúnpọ̀ dísẹ́ẹ̀lì bá tó nǹkan bí 200 bar. Ti ìgbàlódé ń kọjá 1,600. Ihò tó gba irú agbára bẹ́ẹ̀ kéré ju ojú abẹ́rẹ́ lọ. Dísẹ́ẹ̀lì tí a ń rà nínú kẹ́ẹ̀gì lẹ́bàá ọ̀nà, tí omi àti ìdọ̀tí wà nínú rẹ̀, ọ̀sẹ̀ mélòó ni ẹ rò pé yóò gbà á? Bí brain-box rẹ̀ bá sì dákẹ́ ní Koton Karfe lóru, ta ni yóò jí i? Ní ti pòrópẹ́là tí wọ́n gé tí wọ́n tún jó pọ̀, kí ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tí yóò wọ̀n ọ́n kí ó má baà já. Kí ẹ sì gba rìsíìtì ẹ́ńjìnnì, nítorí nọ́ḿbà rẹ̀ gbọ́dọ̀ bá ti inú ìwé mọ́tò mu, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ẹ ó ṣàlàyé títí ilẹ̀ á fi ṣú.

A ti gbọ́ pé àwọn kan ń sọ pé, "Lọ́rì onílọ́rì ni, kí ló kan ẹgbẹ́?" Ẹrù ta ni àwọn lọ́rì wọ̀nyí ń kó? Ẹrù wa ni. Àwọn wo ló ń jókòó lórí ẹrù náà bí Iléyá àti Kérésìmesì bá dé, tí wọ́n ń fi owó mọ́tò pamọ́? Àwọn ọmọ wa ni. Owó ta ni wọ́n fẹ́ yá? Owó tí ìyá elélùbọ́ ní Wuse àti bàbá aláṣọ ní Nyanya ń dá lóṣooṣù ni. Bí owó wọn bá ra eré fún lọ́rì, ó yẹ kí ó ra ìdúró fún un pẹ̀lú.

Àbá tí a ó gbé wá sí ìpàdé nìyí. Ẹni tó ní Bedford, kí ẹgbẹ́ yá a, bí ìwé ìṣirò mẹkáníìkì bá fi hàn pé pọ́ǹpù ìfàmu, rọ́bà bíréèkì, páìpù àti bàtà bíréèkì tuntun wà nínú rẹ̀, kí a sì san ti bíréèkì ṣáájú. Àwọn méjì tó ní 911, kí a yá wọn lówó àtúnṣe ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ní, kì í ṣe ti òmíràn. Kí dẹ́rẹ́bà má ṣe gbé lọ́rì kankan kúrò lọ́dọ̀ mẹkáníìkì láìjẹ́ pé a di ẹrù lé e, kí a gbé e gun òkè kí a sì sọ̀ ọ́ kalẹ̀, kí ọmọ ẹgbẹ́ méjì tí kì í ṣe ẹbí onílọ́rì sì wà níbẹ̀ tí wọ́n á fọwọ́ sí ìwé. Ẹni tí èyí kò bá tẹ́ lọ́rùn, kí ó kọ ìdí rẹ̀ wá sọ́dọ̀ wa kí ìpàdé tó dé, a ó kà á sétígbọ̀ọ́ gbogbo ènìyàn.