Ẹ Jẹ́ Kó Sọ Tẹnu Rẹ̀ Tán

 Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ lónìí lè bí ẹlòmíràn nínú. Ẹ bá mi kà á dópin kẹ́ ẹ tó dá mi lóhùn.

Obìnrin kan wà, olùkọ́ ni bíi tèmi. Ọmọ kú mọ́ ọn lọ́wọ́ lọ́dún tó kọjá, láti ìgbà náà ni oorun ti dá lójú rẹ̀. Ó wá rí psychologue kan ní Kútọnu tó ń bá sọ̀rọ̀ lórí WhatsApp lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í sùn díẹ̀díẹ̀ kí ìyá ọkọ rẹ̀ tó gbọ́. Ni ilé bá dàrú. Wọ́n ní ó ń kó ọ̀rọ̀ ilé fún àlejò. Wọ́n ní ṣé orí rẹ̀ ti yí ni, ṣé ó kù kí wọ́n gbé e lọ sí Jacquot? Ó fi í sílẹ̀. A kàn ń wò ó bó ṣe ń gbẹ.

Kí ni ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ gan-an?

Ẹ ó ní àwa ní àgbà nílé. Mo gbà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká bá ara wa sọ òótọ́: tẹ́ ẹ bá gbé ẹ̀dùn ọkàn lọ bá àgbà, báwo ló ṣe ń pẹ́ tó kó tó dá yín lẹ́nu dúró? Ẹ ò tíì sọ ìdajì tó ti ní, "Mú un mọ́ra. Ìwọ kọ́ ni àkọ́kọ́. Ọlọ́run á fi òmíràn rọ́pò." Iṣẹ́ àgbà ni láti pẹ̀tù sí aáwọ̀, láti dá ẹjọ́, láti gbani nímọ̀ràn. Tí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ bá dé bá mi lọ́la, ọ̀dọ̀ wọn ni mò ń lọ, mi ò ní wá psychologue kankan. Ṣùgbọ́n ẹjọ́ wo lẹ fẹ́ dá fún ẹni tí ọmọ kú fún? Àwọn àgbà yìí náà ló ní gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run. Tá ò bá mọ̀ ọ́n, ṣé kì í ṣe pé ká dákẹ́ kí alángbá fúnra rẹ̀ sọ ọ́?

Ohun tí Carl Rogers sọ nìyẹn. Ará Amẹ́ríkà ni, wọ́n bí i lọ́dún 1902, ó kú lọ́dún 1987. Àwa olùkọ́ tá a kàwé ní Faransé mọ orúkọ rẹ̀, torí ó kọ̀wé lórí ọ̀rọ̀ ilé ẹ̀kọ́ náà. Ọdún méjìlá ló fi bá àwọn ọmọdé tó ní ìṣòro ṣiṣẹ́ ní Rochester. Níbẹ̀ ni ìyá kan ti ń wá bá a nítorí ọmọkùnrin rẹ̀ tó ya ìpátá. Rogers ti pinnu lọ́kàn ara rẹ̀ pé ìyá yìí ni kò fẹ́ràn ọmọ náà tó. Ó ń ṣàlàyé, ó ń ṣàlàyé, kò wọlé. Ó ní kí àwọn fi í sílẹ̀, obìnrin náà gbà. Nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà, ó yíjú padà, ó bi í bóyá ó máa ń gba àgbàlagbà náà. Ó padà jókòó, ó sì tú ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó rẹ̀ sílẹ̀, èyí tí kò tíì sọ kàn rí. Rogers gbọ́ ọ. Ìgbà yẹn ni nǹkan tó bẹ̀rẹ̀ sí í dára, fún ìyá àti fún ọmọ.

Lọ́dún 1957 ó kọ ọ́ sílẹ̀, lára ohun tó ní ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ yìí gbọ́dọ̀ ní: kó jẹ́ olóòótọ́, kó má ṣe ojú ayé; kó gba èèyàn bó ṣe wà láìdá a lẹ́jọ́; kó fi ojú ẹni náà wo ayé, kí ẹni náà sì mọ̀ pé ó yé e. Àwa ń pè é ní olùdámọ̀ràn, orúkọ yẹn kò sì bá a mu rárá, torí kì í dámọ̀ràn. Olùgbọ́ ni.

Àwọn kan tún ní orí fóònù kọ́ ni wọ́n ti ń sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ dákun o! Ta ni kò ní ọmọ tàbí àbúrò ní Libreville tó ń bá a sunkún lórí WhatsApp? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gba àdúrà lórí fóònù, tẹ́ ẹ sì ń fi MoMo dúpẹ́, ṣé ẹ̀rọ mìíràn lẹ̀ ń lò ni? Kétu sí Kútọnu kì í ṣe ọ̀nà oko. Ṣé kí olùkọ́ máa pa kíláàsì tì lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀? Mo mọ̀ pé nẹ́tíwọọ̀kì máa ń já níbi tí ọ̀rọ̀ ti gbóná, mo sì mọ̀ pé ògiri ilé wa létí. Kí onítọ̀hún wá abẹ́ igi kan, kó lo ohùn nìkan. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń sọ pé òun fẹ́ pa ara òun, ẹ má fi fóònù tan ara yín jẹ: ẹ má fi í sílẹ̀ lóun nìkan, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn.

Ẹ ṣọ́ra fún àwọn tó ń pe ara wọn ní coach lórí TikTok. Ẹni tó bá ti sọ fún yín ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá pé kẹ́ ẹ kọ ọkọ yín, tàbí tó ń ta òróró, kò gbọ́ nǹkan kan.

Àwọn psychologue wa náà ní tiwọn. Ẹ ń gbọ́ni ní Faransé! Obìnrin yẹn mọ Faransé dáadáa, òun ló fi ń jẹun. Síbẹ̀ tí wọ́n bá bi í ní Faransé pé báwo ni, "ça va un peu" ló ń dáhùn. Ní Yorùbá, ó ní "inú mi ṣófo, àyà mi ń já tí ilẹ̀ bá ti ń ṣú." Iṣẹ́ yín ni láti gba ọ̀rọ̀ ẹni náà, kẹ́ ẹ dá a padà fún un bó ṣe sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ wo lẹ fẹ́ dá padà tẹ́ ò bá gbọ́ èdè tó fi ń ké?

Ní Zimbabwe, dókítà kan, Dixon Chibanda, kó ìyá àgbà mẹ́rìnlá jọ lọ́dún 2006, ó kọ́ wọn níṣẹ́, ó ní kí wọ́n máa jókòó sórí bẹ́ǹṣì nítòsí ilé ìwòsàn. Ọ̀nà tiwọn yàtọ̀ sí ti Rogers, torí wọ́n máa ń bá èèyàn wá ojútùú. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ Shona ni wọ́n ń lò: kufungisisa, ìrònú àpọ̀jù. Ìyá àgbà ni wọ́n o, kì í ṣe òyìnbó.

Ẹ̀yin ọmọ wa tẹ́ ẹ ń kọ́ psychologie ní Calavi, ẹ padà wá kọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ ìbànújẹ́ ní Kétu àti ní Ṣábẹ. Ẹni tó bá sì mọ psychologue kan tó ń gbọ́ Yorùbá lórí fóònù, kó kọ orúkọ rẹ̀ sísàlẹ̀ níbí. Orúkọ psychologue ni mo ní o. Ẹ má kọ orúkọ ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀.