Èémí Àwọn Dókítà Wa ní Àkókó

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá sí iwájú yín ní oṣù yìí kì í ṣe ti oyè, kì í sì í ṣe ti ààlà ilẹ̀, bí a tilẹ̀ mọ̀ pé àwọn méjèèjì ni ó máa ń mú kí ọ̀pọ̀lọpọ̀ yín tètè ṣí ìwé. Ọ̀rọ̀ àwọn dókítà wa ni, àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin àti ọ̀dọ́mọbìnrin tí a ń sáré tọ̀ lọ ní òru nígbà tí ara ọmọ bá gbóná, tàbí nígbà tí aboyún bá ń rọbí tí ọmọ kò sì wálẹ̀. Ó ti rẹ̀ wọ́n. Àárẹ̀ tí a ń wí yìí kì í sì í ṣe èyí tí oorun òru kan ń wò sàn.

Àwọn onímọ̀ ìṣègùn kan ń dá ìmọ̀ràn pé kí a kọ́ àwọn dókítà ní bí a ti ń mí èémí pẹ̀lú ìfarabalẹ̀, àti bí a ti ń jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú díẹ̀ kí ọkàn lè padà sí àyè rẹ̀. Àwọn kan gbọ́ èyí, wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ta ni kò mọ èémí mí? Àwọn mìíràn bínú. Wọ́n ní owó oṣù tí ó tó àti alábàáṣiṣẹ́ púpọ̀ sí i ni dókítà ń fẹ́, kì í ṣe èémí. Ní tiwa, a rò pé ìmọ̀ràn náà dára, ó sì yẹ kí a gbà á ní Ìkàrẹ́ àti ní Ọ̀kà. Ṣùgbọ́n a kò ní í gbà á kí a fi dípò ohun tí ó tọ́ sí àwọn dókítà. Ẹ jẹ́ kí a wí ìdí rẹ̀.

Àárẹ̀ yìí ní orúkọ nínú ìwé àwọn ọ̀mọ̀wé. Ní ọdún 1974 ni Herbert Freudenberger, onímọ̀ nípa ọkàn ènìyàn ní New York, kọ̀wé nípa rẹ̀, nípa àwọn tí ń fi tọkàntọkàn ran aláìní lọ́wọ́ títí agbára wọn fi jó tán bí epo inú àtùpà. Christina Maslach, ní Amẹ́ríkà kan náà, tẹ̀lé e, ó sì bá àwọn ẹlòmíràn ṣe òṣùwọ̀n tí a fi ń mọ̀ ọ́n, èyí tí ó jáde ní 1981. Nígbà tí ó di 2019, Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣàlàyé rẹ̀ nínú ìwé ńlá tí wọ́n fi ń to àìsàn lẹ́sẹẹsẹ, ṣùgbọ́n wọ́n ṣọ́ra láti sọ pé kì í ṣe àrùn. Ohun tí iṣẹ́ ń fà ni, nígbà tí a kò bá bójú tó wàhálà ibi iṣẹ́ bí ó ti yẹ. Àmì mẹ́ta ni wọ́n fi hàn: kí agbára tán nínú ènìyàn, kí iṣẹ́ tí ó fẹ́ràn tẹ́lẹ̀ sú u tí yóò fi máa wò ó láti òkèèrè, kí ó sì dà bí ẹni pé ohun tí ó ń ṣe kò já mọ́ nǹkan kan mọ́. Yorùbá kò dúró de ìwé kí ó tó mọ èyí. A máa ń wí pé iṣẹ́ ti lo ẹnì kan gbó, pé ó ti rẹ̀ ẹ́ tinú tòde. Àwa yóò máa pè é ní àárẹ̀ ọkàn.

Ẹ ti rí dókítà tí kò gbé ojú sókè wo aláìsàn, tí ó dá ìyá arúgbó lóhùn ṣàkàṣàkà, ẹ sì ti jáde pẹ̀lú ọ̀rọ̀ pé ìgbéraga ni. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn agbéraga kò wọ́n nínú iṣẹ́ kankan. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ti rí aláìsàn ọgọ́ta láti òwúrọ̀, tí méjì sì ti kú mọ́ ọn lọ́wọ́, lè dẹ́kun àtimáa wo ojú ènìyàn nítorí pé kò sí ibi tí yóò gbé ìbànújẹ́ tuntun sí mọ́. Aláìsàn ni yóò sì jẹ ìyà rẹ̀: ìwé oògùn tí a kọ ní àṣìkọ, ìbéèrè kan tí ó yẹ kí a bi í tí a kò bi í.

Ẹ wo bí ọ̀ràn náà ti rí ní ìhà tiwa. Ilé Ìwòsàn Àkànṣe ti Ìpínlẹ̀ tí ó wà ní Ìkàrẹ́ kì í ṣe ti Ìkàrẹ́ nìkan. Àrìgìdì ń wá, Ògbàgì ń wá, Òkèàgbè ń wá. Ọ̀kà ní ilé ìwòsàn ìjọba tirẹ̀ ní Ìwárò. Òkè àti gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni ọ̀nà wa; ẹni tí ó bá mọ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Àkùngbá ní ẹ̀bá Yunifásítì Adékúnlé Ajásin kò ní í gbàgbé oṣù kìíní ọdún 2021, nígbà tí ọkọ̀ akẹ́rù ńlá kan já wọ inú àwọn ènìyàn, tí ẹ̀mí sì ṣòfò. Irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ kì í ránṣẹ́ ṣáájú. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ẹ̀wẹ̀, ibà Lassa a dé, Ìpínlẹ̀ Òǹdó sì wà lára àwọn tí ó ń jìyà rẹ̀ jù lọ ní Nàìjíríà. Ní Ọ̀wọ̀, tí kò jìnnà sí wa, ni ilé ìwòsàn Ìjọba Àpapọ̀ tí ó gba orúkọ nítorí ìtọ́jú rẹ̀ wà. Láti 1969, nígbà tí a kọ́kọ́ dá àrùn náà mọ̀, ni ó ti ń mú olùtọ́jú pọ̀ mọ́ ẹni tí a ń tọ́jú. Àwọn nọ́ọ̀sì wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ pa. Nítorí náà, dókítà tí ó bá bá ibà pàdé ní oṣù kejì ọdún kò lè fi ọkàn balẹ̀ na ọwọ́ sí i, bẹ́ẹ̀ ni kò sì lè kọ̀.

Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì ń lọ. Ọ̀jọ̀gbọ́n Muhammad Ali Pate, nígbà tí ó wà ní ipò Mínísítà fún ọ̀ràn Ìlera, sọ ní 2025 pé dókítà tí ó lé ní 16,000 ti fi Nàìjíríà sílẹ̀ láàárín ọdún márùn-ún sí méje. A kò bú àwọn tí ó lọ. Ọmọ wa ni wọ́n, owó tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sì ń gbé ilé dìde ní àdúgbò wa. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ wọn kò bá wọn wọ ọkọ̀ òfurufú; ó dúró sílẹ̀ de ẹni tí ó kù.

Kí ni èémí lè ṣe sí irú ẹrù bẹ́ẹ̀? Ó ju bí a ti rò lọ. Nínú àwọn ohun tí ń lọ nínú ara láìjẹ́ pé a pàṣẹ fún wọn, bí ọkàn tí ń lù àti oúnjẹ tí ń dà, èémí ni ó rọrùn jù fún wa láti darí. Bí ẹ̀rù bá ba ènìyàn, tàbí bí wàhálà bá ká a mọ́, èémí rẹ̀ a yá, a sì kúrú. Àyà rẹ̀ a máa lù kìkìkì, nítorí pé ara ń múra àtisá tàbí àtijà. Iṣan kan sì wà tí ó ti inú orí sọ̀ kalẹ̀, tí ó gba ọrùn lọ sí àyà àti ikùn. Vagus ni àwọn oníṣègùn ń pè é. Ó dà bí ìjánu lẹ́nu ẹṣin. Nígbà tí a bá ń mí jáde ni ìjánu náà máa ń mú jù, tí ọkàn a sì máa rọra lù. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń kọ́ni pé kí mímí jáde pẹ́ ju mímí wọlé lọ. Àgbàlagbà tí ó jókòó jẹ́ẹ́ a máa mí ní bí ìgbà 12 sí 20 ní ìṣẹ́jú kan. Nínú ẹ̀kọ́ yìí, a ń mú un wá sí bí ìgbà mẹ́fà.

Kò sí awo nínú rẹ̀. Kí dókítà jókòó, kí ó bọ́ bàtà bí ó bá fẹ́. Kí ó gba imú mí wọlé títí ikùn rẹ̀ yóò fi yọ díẹ̀, kí ó máa ka ení títí dé ẹ̀rin. Kí ó mí jáde díẹ̀díẹ̀, kí ó ka ení títí dé ẹ̀fà. Ìṣẹ́jú márùn-ún tó fún ìbẹ̀rẹ̀. Bí ọkàn rẹ̀ bá sá lọ sí ọ̀dọ̀ aláìsàn tí ó kú ní àná, kí ó má ṣe bá a jà. Kí ó fà á padà sí orí èémí, bí a ti ń fa ọmọdé lọ́wọ́ kúrò ní títì.

A mọ̀ pé ìlú Mùsùlùmí àti Onígbàgbọ́ ni Ìkàrẹ́, àwọn kan yóò sì béèrè bóyá ìsìn ilẹ̀ Íńdíà ni a fẹ́ gbé wọlé. Òótọ́ ni pé láti ìhà ibẹ̀ ni àwọn òyìnbó ti kọ́ púpọ̀ nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí Herbert Benson ti Harvard kọ ìwé rẹ̀ ní 1975, àti nígbà tí Jon Kabat-Zinn bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ tirẹ̀ ní ilé ìwòsàn Yunifásítì Massachusetts ní 1979, wọ́n yọ ìsìn kúrò nínú rẹ̀, wọ́n sì fi í fún aláìsàn bí a ti ń fi oògùn fún un. Ẹ tún wo ilé. Nígbà tí ọmọ bá sáré dé láti oko pẹ̀lú ìròyìn búburú, kí ni àgbà ń wí fún un? Fara balẹ̀, mí ná, kí o tó sọ̀rọ̀. Ẹni tí ó jókòó ti tẹ̀sùbáà lẹ́yìn ìrun mọ ohun tí à ń wí. Ẹni tí ó dákẹ́ níwájú Ọlọ́run lẹ́yìn àdúrà mọ̀ ọ́n pẹ̀lú. Àwọn baba wa tí wọ́n fi èémí àti ẹ̀mí sún mọ́ ara wọn tó bẹ́ẹ̀ nínú èdè kì í ṣe òpè. Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ohun tuntun pé kí dókítà wa lo ohun tí ó bá nílẹ̀: nígbà tí Thomas Adéoyè Lambo, ọmọ Abẹ́òkúta, bẹ̀rẹ̀ ètò abúlé rẹ̀ ní Àrò ní 1954, tí ó jẹ́ kí àwọn tí ọkàn wọn dàrú máa gbé láàárín ará abúlé pẹ̀lú ìbátan wọn, àwọn oníṣègùn ayé ni ó wá kọ́gbọ́n lọ́dọ̀ rẹ̀.

Ní ti ẹ̀rí, a kò gbọdọ̀ fi ariwo bò ó. Ní Rochester ní ìpínlẹ̀ New York, a kọ́ dókítà 70 ní irú ìfarabalẹ̀ yìí fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, a sì ń pè wọ́n jọ lẹ́ẹ̀kan lóṣù fún oṣù mẹ́wàá lẹ́yìn rẹ̀. Ìròyìn rẹ̀ jáde ní 2009: àárẹ̀ ọkàn wọn dínkù, ojú àánú tí wọ́n fi ń wo aláìsàn sì pọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n kò sí ẹgbẹ́ mìíràn tí a kò kọ́ tí a lè fi wé wọn. Ní 2016, àwọn onímọ̀ kó ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìwádìí jọ nínú ìwé Lancet. Nínú àwọn dókítà tí a ràn lọ́wọ́, àwọn tí àárẹ̀ ọkàn mú dínkù láti 54 nínú ọgọ́rùn-ún sí 44. Ẹ ṣàkíyèsí èyí dáadáa: àti ẹ̀kọ́ tí a kọ́ dókítà fúnra rẹ̀, àti àtúnṣe tí a ṣe sí iṣẹ́ àti wákàtí rẹ̀, méjèèjì ni ó ṣe ìrànwọ́. Kì í ṣe iṣẹ́ ìyanu, kì í sì í ṣe ohun tí a ń sọ nù.

Ibi tí ẹ̀rù ti ń bà wá nìyí. Ọ̀gá tí kò fẹ́ náwó yóò yọ̀ mọ́ èémí, nítorí pé ọ̀fẹ́ ni. Yóò pe àwọn dókítà jọ ní ọjọ́ kan, yóò ní kí wọ́n mí wọlé, kí wọ́n mí jáde, yóò ya fọ́tò, yóò sì dá wọn padà sí iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta láìsùn. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, dókítà ọ̀dọ́ kan ṣubú ní Èkó, ó sì kú. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sọ pé wákàtí 72 ni ó ti lò lẹ́nu iṣẹ́ ṣáájú. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2025, a tún gbọ́ irú rẹ̀ láti Ìpínlẹ̀ Rivers. Kò sí èémí tí ó lè gba ẹni bẹ́ẹ̀ là. Oorun ni ó ń fẹ́, àti ẹni tí yóò gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn tí ọmọbìnrin ẹni ọdún 18 kan kú ní New York ní 1984 lábẹ́ ìtọ́jú àwọn dókítà tí iṣẹ́ wọ̀ lọ́rùn, ìpínlẹ̀ náà ṣe òfin ní 1989 pé dókítà tí ń kọ́ṣẹ́ kò gbọdọ̀ ju wákàtí 80 lọ ní ọ̀sẹ̀ kan. Òfin ni wọ́n ṣe, wọn kò dá a dúró sí ìmọ̀ràn. Ẹgbẹ́ àwọn dókítà gbogbo ayé pàápàá ti fi kún ẹ̀jẹ́ Geneva ní 2017 pé dókítà yóò máa tọ́jú ìlera ara rẹ̀ kí ó lè tọ́jú ẹlòmíràn dáradára. Báwo ni yóò ṣe mú ẹ̀jẹ́ yẹn ṣẹ bí ẹni tí ó gbà á síṣẹ́ kò bá fún un láyè?

Ohun tí a ń bẹ̀bẹ̀ fún kò pọ̀. Kí ìjọba ìpínlẹ̀ fi iye wákàtí tí dókítà kò gbọdọ̀ kọjá lélẹ̀, kí a sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ilé ìwòsàn níbi tí aláìsàn pẹ̀lú yóò ti lè kà á. Kí ilé tí dókítà ń gbé ní omi àti iná. Kí àwa ará ìlú dẹ́kun àtimáa gbé ẹsẹ̀ tí ó ti ń dun wá fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ kan ilẹ̀kùn rẹ̀ ní ọ̀gànjọ́. Kí àwọn ìbátan tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ má sì ṣe gbé ọwọ́ sókè sí i. Èdè wa ní ẹ kú iṣẹ́, ó sì ní ẹ kú ìgbáfẹ́; èyí àkọ́kọ́ nìkan ni a ń kí dókítà.

Ní ti ẹgbẹ́ àwọn ọmọ ìlú, ní ilé àti ní Èkó, wọ́n lè bá àwọn aláṣẹ ilé ìwòsàn sọ̀rọ̀, kí wọ́n sì kọ́ yàrá kékeré kan ní Ìkàrẹ́ àti ọ̀kan ní Ìwárò: àga mélòó kan, ẹní, fèrèsé tí ó kọjú sí òkè, àti ìlẹ̀kùn tí ó ṣeé tì. Kí dókítà àti nọ́ọ̀sì lè wọ ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ń pè wọ́n. Owó rẹ̀ kò tó èyí tí a ń ná sí orí aṣọ ẹgbẹ́jọdá fún òkú àgbà kan. Ohun tí a kò fẹ́ gbọ́ ni pé a kọ́ ọ tán, a sì fi kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sí ọwọ́ ọ̀gá tí ń lọ sílé ní agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Nítorí òru ni wọn yóò fẹ́ ẹ jù.