Kí Ẹ Tó Sanwó Ọkọ̀ Òkun
Ẹ̀yin ará Akówọnjọ tó ń tọ́jú owó fún ìsinmi inú ọkọ̀ òkun, ọ̀rọ̀ yín rèé. Irú ìrìnàjò yìí kì í ṣe tuntun: ní 1951 ni ọkọ̀ òkun Aureol bẹ̀rẹ̀ sí í ná Èkó sí Liverpool. Ìrìnàjò náà máa ń gbà tó ọ̀sẹ̀ méjì nígbà náà, ààyè olówó sì wà lọ́tọ̀. Ọkọ̀ òkun ìgbafẹ́ ti òde òní dára fún àgbàlagbà tí kò fẹ́ máa gbẹ́rù láti òtẹ́ẹ̀lì dé òtẹ́ẹ̀lì. Ẹni tí èébì máa ń gbé nínú dáńfó Ẹ̀gbẹ́dá lásán ńkọ́? Kó kọ́kọ́ wọkọ̀ ojú omi dé etíkun Tarkwa Bay ní Èkó fi dán ara rẹ̀ wò ná, kó sì wọ life jacket o! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bèèrè físà ìlú kọ̀ọ̀kan tí ọkọ̀ náà máa yà sí kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín.