Wárápá Gbóògùn

Àwọn àgbà ní àìsàn ló ṣeé wò, a kì í rí ti ọlọ́jọ́ ṣe. Èwo wá ni ti wárápá, tí a ń sá fún itọ́ ẹni tó gbé ṣubú, tí a ń ti ẹsẹ̀ rẹ̀ bọ iná, tí a ń rọ ìtọ̀ màlúù sí i lẹ́nu? Wárápá kì í ràn. Inú ọpọlọ ló ti ń wá.

Olóògbé Ọ̀jọ̀gbọ́n Káyọ̀dé Ọ̀ṣúntòkun, oníṣègùn ọpọlọ ní Yunifásítì Ìbàdàn, kò jókòó de aláìsàn ní UCH. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ ṣèwádìí láàárín nǹkan bí 19,000 ènìyàn ní Igbó-Ọrà. Ní 1987, wọ́n ròyìn pé nínú 1,000 ènìyàn, ó lé díẹ̀ ní 5 tó ní wárápá.

Lójú tèmi, ìdọ́gba nìyẹn: kí ìtọ́jú wá ará oko kàn nílé. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní bí ìtọ́jú bá péye, 70 nínú 100 wọn lè wà láìṣubú mọ́. Phenobarbitone kò sì wọ́n. Ṣùgbọ́n ta ni yóò jáde wá gboògùn níbi tí a ti ń pè é ní ẹni ègún?

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ọwọ́ àwa tí a ń kọ́ Yorùbá ni ọ̀rọ̀ yẹn wà. Ẹ jẹ́ kí á sọ ọ́ lédè wa, lọ́jà àti lóko: wárápá gbóògùn.