Ẹ fi ọwọ́ ya nǹkan kan lónìí, kó burú náà

Ẹ̀yin ayàwòrán ilé àti ẹ̀yin dìsáínà, ẹ wá ká sọ̀rọ̀. Thread yìí máa gùn díẹ̀, ẹ fara balẹ̀ bá mi kà á.

Ọdún tí mo jáde ilé ìwé ni ẹbí wa ní kí n ya plan tí wọ́n máa fi tún ilé wa ní Pópó Yemọja kọ́. Òru méjì ni mo fi jókòó ti kọ̀ǹpútà. 3D tó dáa, gíláàsì níwájú, òdòdó lẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo gbé e síbí, like wọlé bí òjò. Inú mi dùn débi pé mo gbé laptop lọ bá Ìyá Àgbà.

Wọ́n wò ó títí. Wọ́n wá ní, "Àgbàrá ńkọ́? Ibo ló máa gbà?"

Ẹnu mi wọhò. Mo ti fi yàrá dí ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé tí omi òjò ń gbà kọjá látọjọ́ tí wọ́n ti kọ́ ilé náà. N'Ìbàdàn o! Ìlú tí Ògùnpa ya wọ ilé onílé ní 1980, tí omíyalé tún ṣọṣẹ́ ní August 2011. Ilé tí wọ́n bí mi sí.

Ohun tó dùn mí jù ni pé fọ́tò ilé yẹn kún inú fóònù mi. Èmi ni mo ń rẹ́rìn-ín nínú gbogbo wọn. Kò sí ọ̀kan tó fi ọ̀nà omi hàn.

Èrò mi nìyí, ẹ lè bá mi jà: ayàwòrán ilé tí kì í fi ọwọ́ ya nǹkan lójoojúmọ́ kì í wo nǹkan, ó kàn ń rí i ni. Fọ́tò kì í bi yín ní ìbéèrè. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá ń ya àtẹ̀gùn, ìlà tẹ́ ẹ fà gbọ́dọ̀ dé ibì kan. Ẹ máa bi ara yín: ibo ló parí sí? Kí ló gbé e dúró?

Mo ra ìwé 40 leaves kan àti bírò l'Ọ́jà'ba. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá lójúmọ́, kò sí rúlà, kò sí pípa rẹ́. Àwòrán àkọ́kọ́ dà bí àkàbà tó ṣẹ́. Lọ́jọ́ kẹta, àbúrò mi béèrè bóyá adìẹ ni mo yà. Àpótí ìjókòó Ìyá Àgbà ni o.

Àwọn kan ti wá sọ nínú DM mi pé àṣà òyìnbó ni kéèyàn máa gbé ìwé àwòrán kiri. Ṣé ẹ mọ adìrẹ tí wọ́n ń pè ní Ìbàdàndùn? Ẹ lọ wò ó dáadáa. Àwọn òpó Mápó ló wà lára ẹ̀, tí wọ́n fi ṣíbí sáàárín wọn. Lọ́dún 1929 ni wọ́n ṣí gbọ̀ngàn Mápó, iṣẹ́ ẹnjiníà òyìnbó kan, Taffy Jones. Àwọn ìyá wa wò ó, wọ́n mú òpó níbẹ̀, wọ́n fi ìyókù sílẹ̀, wọ́n sọ ọ́ di aṣọ. Ìyẹ́ adìẹ àti ẹ̀kọ láfún ni wọ́n fi ń yà á, ọwọ́ lásán. Ibi tí ẹ̀kọ bá bò, aró ò ní mú un. Undo ò sí níbẹ̀ o. Báwo ni òpó kẹwàá ṣe máa jọ ti àkọ́kọ́? Ọwọ́ ti yà á lánàá, ó ti yà á níjẹta. Gbogbo ọdún tí mo lò nílé ìwé, ẹnì kan ò sọ̀rọ̀ wọn fún mi rí.

Mo gun Mápó lọ ya òpó yẹn fúnra mi. Mo rò pé mo mọ̀ ọ́n. Ìgbà tí mo ya bàbá kan tó jókòó sídìí òpó ni mo tó mọ bó ṣe tóbi tó.

Demas Nwoko náà, iṣẹ́ ọnà ló kọ́ ní Zaria, kì í ṣe ilé yíyà. Ẹ lọ wo ṣọ́ọ̀ṣì àwọn Dominican tó yà níbí n'Ìbàdàn. Ní 2023, wọ́n fún un ní Golden Lion ní Venice fún gbogbo iṣẹ́ ayé ẹ̀.

Mo mọ ohun tẹ́ ẹ máa sọ. AI á ti yà á kẹ́ ẹ tó ṣẹ́jú. Òótọ́ ni, èmi náà ń lò ó. Oníbàárà tó fẹ́ flyer kílẹ̀ tó ṣú ò ní dúró de bírò mi. Ṣùgbọ́n AI ò tíì jókòó sẹ́yìnkùlé wa lásìkò òjò.

Mo bẹ̀ yín, ẹ má máa gbé gbogbo ẹ̀ síta. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í post tèmi, ohun tó ń mú like wá ni mo ń yà: Mápó nírọ̀lẹ́, Micra tó tò ní Bẹẹrẹ. Àpótí Ìyá Àgbà pòórá nínú ìwé mi. Mo dáwọ́ ẹ̀ dúró, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìdí content ni mo ti ń jẹun.

Wọn ò tíì kọ́ ilé náà. Mo ti ya ẹ̀yìnkùlé yẹn nínú òjò lẹ́ẹ̀mẹrin báyìí. Mo wá rí i pé àpótí Ìyá Àgbà ò ṣèèṣì wà níbi tó wà: ilẹ̀kùn méjì ló dojú kọra wọn níbẹ̀, atẹ́gùn kì í dáwọ́ dúró. Plan tuntun ti wà, bírò ni mo fi yà á. Ọ̀nà omi wà níbẹ̀, ibi ìjókòó náà wà.

Bàbá wa kan nínú ẹbí ṣì ń fẹ́ ti gíláàsì, wọ́n ní ó jọ ti Lẹ́kí. Sunday ni ìpàdé. Ìwé 40 leaves ni mo ń gbé lọ.